Ìmọ́lẹ̀ Òròmọdìẹ

Bí ẹ bá dé Ìbàfò lónìí, tí ẹ béèrè ọkùnrin tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù tí kì í fọ́, ọlọ́kadà àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí ni yóò gbé yín wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Mi ò kàwé lọ títí. Ẹ̀yin tí ẹ kà á lọ títí lẹ̀ ń gbé inú ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi mọ, kò sì tíì sí ọ̀kan tó lanu nínú wọn. Ọwọ́ ara mi náà ni mo fi kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ló bá mi tẹ̀ ẹ́, mo sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tún ọ̀rọ̀ mi tò. Ọdún kan péré ni mo fẹ́ sọ nínú ìgbà èwe mi, ọdún tí àwọn òròmọdìẹ gba yàrá mọ́ wa lọ́wọ́ ní Mowé. Àwọn ọdún yòókù, oúnjẹ ni mo ń jẹ, mo ń dàgbà ni.

Wọ́n ti ilé iṣẹ́ aṣọ tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà pa, owó ìdágbére tí wọ́n fún un ló fi kó wa kúrò ní Èkó wá sí Mowé. Mowé ìgbà náà kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀ yìí o, tí ilé ti jẹ igbó tán. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́, ìró ọkọ̀ àjàgbé ní ojú títì márosẹ̀ ni à ń gbọ́ láti òkèèrè, lẹ́yìn ìyẹn ìgbálẹ̀ ìyá mi, lẹ́yìn ìyẹn ikọ́ bàbá mi. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, tọ̀sán-tòru, ariwo àwọn òròmọdìẹ ń lọ, ó ń lọ, bí àkàrà tó ń dín nínú epo. A kò tíì parí ilé náà nígbà tí a wọ̀ ọ́. Yàrá méjì ló ní páànù tó dáa lórí, bàbá mi sì kó òròmọdìẹ sí èyí tó dáa jù. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n mi Dúpẹ́ àti èmi Rótìmí, la jọ há sínú èyí tó kù. Ìyá mi ní, “Bàbá Dúpẹ́, ẹ̀ bá jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn níbi tí kò jò, kí adìẹ wà níbi tó ń jò.” Bàbá mi dáhùn pé, “Ọmọ tí òjò pa á gbẹ. Òròmọdìẹ tí òjò pa, isà ló ń lọ.” Kò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kì í sọ ọ̀rọ̀ tó bá ti sọ lẹ́ẹ̀kejì, kò sì sí ẹni tó rí i kó yí ọ̀kan padà. Mo fìyẹn jọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn òròmọdìẹ náà dúró fún, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé adìẹ lásán ni. Ẹ̀gbọ́n mi Dúpẹ́ mọ̀wé bí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Ìyá Ifọ̀, sì ti ní kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ifọ̀, kí ó wọ ilé ìwé girama níbẹ̀. Ìyá Ifọ̀ á fún un ní ibùgbé àti oúnjẹ, àmọ́ bàbá mi ni yóò ra aṣọ, ìwé àti ohun gbogbo tí ọmọ fi ń wọ ilé ìwé. Kò sí ibòmíì tí yóò ti rí owó rẹ̀ ju ara àwọn òròmọdìẹ wọ̀nyẹn. Bàbá mi pè wá jọ ní alẹ́ tí wọ́n kó wọn dé, ó na ìka sí yàrá náà. Ó ní, “Bí àwọn wọ̀nyí bá yè tí a tà wọ́n, Dúpẹ́ á lọ Ifọ̀. Bí wọn ò bá yè, á lọ kọ́ aṣọ rírán. Mo ti sọ tèmi.” Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi kò lè gba ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn kọjá kí ó má dúró, kí ó má fi etí sí ilẹ̀kùn.

Èmi ni olórí ìtọ́jú wọn, bẹ́ẹ̀ ni mo sì kéré. Ẹ ò rí irú mi rí. Mo lè dúró sí ìta kí n sọ fún yín pé omi ti tán nínú, nítorí igbe òùngbẹ kì í ṣe igbe ebi. Kí n tó lọ sílé ìwé láàárọ̀, mo ti da omi àná nù, mo ti fọ abọ́, mo ti kó sọ́dọ́ọ̀sì, ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n ń sùn lé, tó tutù jáde, mo ti da èyí tó gbẹ sí i. Ìyá mi á tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. “Rótìmí, o fọ abọ́ omi wọn?” Mo fọ̀ ọ́, mà. “Èyí tó ń yọ̀ bí ara ìgbín yìí lo fọ̀? Ṣé ìwọ lè mumi nínú ẹ̀?” Mo gbé abọ́ sẹ́nu, mo mumi níbẹ̀. Ìyá mi fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. “Wèrè ọmọ. Ó yá, lọ gbé àpò ìwé rẹ.” Ibẹ̀ gan-an ni ayé mi ti ń bàjẹ́. Ilé ìwé sú mi, ó sú mi dé ọ̀rá inú eegun. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo máa ń jókòó, bí tíṣà bá ti mú ṣọ́ọ̀kì, ojú mi á rọ. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Rótìmí, kí ni mo sọ kẹ́yìn?” Mo ní, “Ẹ ní Rótìmí, sà.” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹgba ni wọ́n fi yìn mí.

Ìyá mi ló rí ọgbọ́n dá sí i. Àwọn ìyá yòókù, iṣẹ́ ilé ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ níyà. Ìyá tèmi, ìwé ló fi ń jẹ mí níyà, iṣẹ́ adìẹ ló fi ń tù mí nínú. Ó ṣòfin pé tí mo bá ti ilé ìwé dé, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ òròmọdìẹ àfi tí ẹ̀gbọ́n mi bá sọ pé mo ti kàwé tó. Dúpẹ́ ni tíṣà mi, ojoojúmọ́. Inú yàrá òròmọdìẹ náà ló sì ti ń kọ́ mi, nítorí ibẹ̀ nìkan ni iná wà. Kẹ̀rósìn wọ́n, àtùpà kan ṣoṣo ni à ń tàn nínú ilé, àwọn òròmọdìẹ ni bàbá mi sì ń tàn án fún, kí wọ́n lè máa rí oúnjẹ wọn jẹ. Ìyá mi ń dáná nínú òkùnkùn. Nígbà tí Dúpẹ́ tọrọ ìmọ́lẹ̀ láti fi kàwé, bàbá mi ní, “Ìmọ́lẹ̀ òròmọdìẹ ni. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó lọ bá wọn níbẹ̀.” A lọ bá wọn. A tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a jókòó. Àwọn kan á wá gun ẹsẹ̀ wa, wọ́n á máa ṣa ẹ̀gbẹ́ ìwé jẹ. Mo ní kí wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà pẹ̀lú ìjì. Òtútù wọlé, ẹ sì mọ ohun tí òròmọdìẹ máa ń ṣe bí òtútù bá mú wọn: wọ́n á gun ara wọn lórí jọ sí igun kan, àwọn tó wà lókè á móoru, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á kú. Ní àárọ̀ tí a kọ́kọ́ bá òkú nísàlẹ̀ wọn, Dúpẹ́ kò jẹ ẹ̀kọ rẹ̀. Bàbá mi lọ ra ọ̀rá tó nípọn, ó fi ìṣó kàn án mọ́ ojú fèrèsé méjèèjì, ó fi èyí tó ṣẹ́kù dí àlàfo tó wà láàárín ògiri àti páànù. Ó gbé kóòlù-pọ́ọ̀tù tí wọ́n fi ríìmù ọkọ̀ ṣe sáàárín yàrá, ó kó èédú sí i. Kì í ṣe igi o. Ó ní èéfín igi ń fọ́ òròmọdìẹ lójú, ṣùgbọ́n èédú kò ní èéfín, èédú kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí kò gbà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò wa. Ó ní, “Ilẹ̀kùn yìí, ẹ má jẹ́ kí n bá a ní ṣíṣí. Atẹ́gùn tó bá wọlé, ẹ̀kọ́ Dúpẹ́ ló gbé jáde yẹn.”

Ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀ kí a tó ti ilé ìwé dé. Bàbá mi ti jáde lọ wá fíìdì, oúnjẹ àwọn adìẹ. Ìyá mi wà ní ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn ilé, ó ń yan gaàrí fún títà. Àwa méjèèjì wọlé tọ àwọn òròmọdìẹ lọ, a ti ilẹ̀kùn, òjò sì dà sórí páànù bí ẹni ń da òkúta. A kàwé díẹ̀. Mo rí i pé àwọn òròmọdìẹ ti ń la ẹnu, wọ́n na apá sílẹ̀.

Mo ní, “Àǹtí Dúpẹ́, ooru ti pọ̀ fún wọn. Ẹ jẹ́ ká ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀.”

“Bàbá ní ká má ṣí i.”

“Wọ́n ń la ẹnu, ẹ wò ó.”

“Rótìmí, mo mọ̀ ẹ́. Ọ̀nà tó o máa gbà sá fún ìwé lò ń wá. Ka ibi tí mo fọwọ́ sí.”

“Orí ń fọ́ mi.”

“Orí rẹ ò fọ́ rí tó o bá ń da oúnjẹ fún adìẹ. Ìwé ló máa ń fọ́ ọ lórí. Kà á jàre.”

Mo kà á. Àwọn lẹ́tà ń rìn bí èèrà. Mo ní oorun ń kùn mí. Ó ní, “Ìgbà wo ni oorun kì í kùn ọ́? Bí mo bá lọ Ifọ̀, ta ló máa fara dà á fún ẹ báyìí?” Ó gbá mi létí, ọwọ́ náà kò sì ní agbára, ó kàn fara kan mí ni. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ojú òun náà ti ń rọ, ẹni tí kì í sùn lórí ìwé. Ó fi orí ti ògiri. Ohun tí mo rí kẹ́yìn nìyẹn.

Inú ẹrẹ̀ ni mo tún bá ara mi, òjò ń rọ̀ sí mi lójú, ìyá mi ń gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń pe Jésù, ó ń pe orúkọ mi. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òjò ló rọlẹ̀ díẹ̀, ó wá ń retí kí òun gbọ́ igbe àwọn òròmọdìẹ, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ilé wa, wọn kò dákẹ́ rí. Ó ju igbá tó fi ń yan gaàrí sílẹ̀, ó sáré. Ó wọ́ mi jáde ní apá kan, ó padà lọ wọ́ Dúpẹ́. Ó da epo pupa sí wa lẹ́nu nítorí atẹ́gùn èédú tí a ti fà símú, a bì í, ó tún dà á. Dúpẹ́ pẹ́ kó tó la ojú. Nígbà tó là á, kò bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, “Wọ́n ńkọ́?”

Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá mi béèrè nígbà tó dé, tòun ti àpò fíìdì lórí. Ó rí wa lórí ẹní, ó ní, “Àwọn òròmọdìẹ ńkọ́?” Ìyá mi dìde sí i, ohun tí mi ò rí rí. “Ẹ béèrè àwọn ọmọ yín ná! Ṣé adìẹ lẹ bí ni?” Àwọn kan wà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ sí bàbá mi. Mo lé wọn jáde nínú ilé mi. Ọkùnrin tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tó fi gbogbo ohun tó kù fún un sínú yàrá kan nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin, òun lẹ fẹ́ bú lójú mi? Bàbá mi wọ yàrá náà lọ. Mo rí i láti orí ẹní. Ó gbé ọ̀kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Ó gbé e sílẹ̀, ó gbé òmíràn, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Gbogbo wọn tẹ́ sílẹ̀ bí aṣọ tí a sá. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ó pẹ́ nínú yàrá yẹn. Nígbà tó jáde, ó mú ṣọ́bìrì, ó gbẹ́ ilẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Dúpẹ́ ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n dìde, ó ní òun ni yóò kó wọn. Abọ́ ìfọṣọ ló fi kó wọn, ó ń rù wọ́n lọ, ó ń padà, kò gbà kí ẹnì kankan ràn án lọ́wọ́.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: bẹ́ẹ̀ ni ilé wa rí títí Ìyá Ifọ̀ fi dé. Obìnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i, bàbá mi dọ̀bálẹ̀. Ìyá Ifọ̀ pe bàbá mi lórúkọ, ó ní, “Gbóyèga, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn adìẹ. Ọlọ́run tó fi ẹ̀mí àwọn ọmọ jì wá, ó ṣeun. Ìwé àti aṣọ, èmi á gbìyànjú ẹ̀. Àmọ́ ọmọ kan ni agbára mi ká. Ẹ fún mi lọ́mọ, kí n máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.” Dúpẹ́ ti wọ bàtà. Láti inú yàrá ló ti gbọ́ ohùn Ìyá Ifọ̀, ó sì ti gbé báàgì rẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Bàbá mi ní, “Ẹ mú Rótìmí.”

Ìyá mi ní, “Bàbá Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ yẹn?”

“Mo ti sọ tọmọbìnrin náà tẹ́lẹ̀. Mo ní bí adìẹ bá yè. Adìẹ ò yè. Bí mo bá yí i padà lónìí, ta ló máa gbọ́ràn sí mi lẹ́nu lọ́la? Ọkùnrin ni Rótìmí. Adìẹ tó ń dí i lọ́wọ́ ti kú. Ẹ jẹ́ kó lọ kàwé.”

Ìyá Ifọ̀ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Gbóyèga, èyí tí kò fẹ́ ìwé lo fẹ́ fún mi, o fẹ́ fi èyí tó fẹ́ ẹ sílẹ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti sọ tèmi.”

“Ó dáa. Ìwọ lo bímọ.”

Mo wo Dúpẹ́. Kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan, èkejì, ó wá gbé báàgì náà fún mi lẹ́yìn tó ti kó aṣọ rẹ̀ jáde. Ó ní, “Má sùn ní kíláàsì o.”

Mo sùn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo tún jókòó ní Ifọ̀. Ìyá Ifọ̀ kò fi oúnjẹ dù mí, kò sì nà mí láìnídìí, ẹni rere ni. Ṣùgbọ́n èrò kan wọ inú mi, mo sì ń yìn ín di òní pé èrò ọkùnrin ni: bí mo bá kúrò nínú àyè náà, àyè á ṣófo, Dúpẹ́ á wọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ki aṣọ méjì sínú ọ̀rá lọ́jọ́ kan tí ó yẹ kí n wà nílé ìwé, tí mo bá ọkọ̀ tó kó pákí lọ dé Sángó, tí mo tún bá àwọn oníyanrìn gun típà. Ọmọ tí kò tíì ní irun lábíyá ló dá a ṣe o! Nígbà tí mo yọ sí ìyá mi ní Mowé, ó ní, “Kí ló gbé ẹ dé?” Mo ní, “Mo wá kí Àǹtí Dúpẹ́ lè lọ.” Ó fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá mi kò nà mí. Ó wò mí, ó wọlé. Kò pẹ́ tí Ìyá Ifọ̀ fi ránṣẹ́ pé òun wá mi títí kí òun tó gbọ́ pé mo ti délé, pé òun ti mú ọmọ àbúrò ọkọ òun sípò mi, ọmọ náà sì ti wọ ilé ìwé. Ó ní kí wọ́n sọ fún Gbóyèga pé yàrá òun kì í ṣe àpótí tí ẹnì kan ń dìde lórí rẹ̀ kí ẹlòmíràn jókòó.

Mi ò padà sílé ìwé mọ́. Ẹni tó bá ní mo pàdánù, kó wá wo ilé mi. Bàbá mi ti kú, orí búlọ́ọ̀kù tí mo ṣe ni wọ́n gbé òkúta ibojì rẹ̀ lé. Dúpẹ́ wà láyé, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Arẹ́pò, àwọn ìyàwó olówó inú ẹ́sítéètì ló ń ránṣọ fún, ó sì ti fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rán ọmọ mẹ́ta lọ sí ilé ìwé gíga. A kì í sọ̀rọ̀ ọdún náà. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi ẹ̀yin.

Ọjọ́ kejì tí mo ti Ifọ̀ dé, ìyá mi ní kí n gbé oúnjẹ lọ fún Dúpẹ́ níbi tó ti ń kọ́ aṣọ rírán. Abẹ́ àtíbàbà páànù kan lẹ́bàá ọ̀nà ni, ọ̀gá wọn ń gé aṣọ lórí tábìlì, Dúpẹ́ jókòó sídìí maṣíìnì, ó ń fi ẹsẹ̀ wà á. Ó rí mi, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Mo rò pé yóò bá mi jà. Ó ní, “Kí ni wọ́n kọ́ yín?”

Mo ní, “Níbo?”

“Ní Ifọ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí ni tíṣà yín kọ́ yín?”

Mo la ẹnu. Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi níbikíbi, mo wá a títí, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi igi máńgòrò tó wà lójú fèrèsé kíláàsì wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ nípa igi máńgòrò náà, bó ṣe tóbi tó, bí àwọn aláǹgbá ṣe ń lé ara wọn lórí rẹ̀. Dúpẹ́ tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu mi, ó ń retí kí n dé ibi ẹ̀kọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ké mọ́ ọn láti ibi tábìlì, “Dúpẹ́! Ṣé ọ̀rọ̀ sísọ ni mo gbà ọ́ fún?” Ó gbé ẹsẹ̀ padà sórí maṣíìnì, ṣùgbọ́n ó ń wà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ariwo rẹ̀ má baà bo ohùn mi.

“Máa bá a lọ,” ó ní. “Lẹ́yìn máńgòrò yẹn, kí ni wọ́n tún sọ?”